Kọ̀ǹpútà Tí Ilé-ẹ̀kọ́ Á Lè Lò Títí: Ìrírí Ilé-iṣẹ́ Kékeré Kan ní Ìlọrin

Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ìbéèrè 180 ni ọmọ máa dáhùn láàárín wákàtí méjì, 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Ẹ pín in wò: ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́jọ ló lè fi ṣe gbogbo rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R tó bá yí ọkàn padà. Kò le rárá fún ẹni tó ti mojú kíbọ́ọ̀dù. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, tó gbéra ní ìdájí láti abúlé kan lágbègbè Ìsin tàbí Ìfẹ́lódùn, àárín lẹ́tà ni àsìkò rẹ̀ máa ṣòfò sí. Ohun tó kà wà lórí rẹ̀, ọwọ́ ni kò yá.

Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ wa, tí a ò ju èèyàn díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, fi mú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ lọ́kùn-únkúndùn. Iṣẹ́ tí a fi ń jẹun ni pé kí a ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà fún ilé-ìtajà àti ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì máa tún ẹ̀rọ ṣe. A ò lówó tí a lè fi kọ́ gbọ̀ngàn, a ò sì lè ra ẹ̀rọ tuntun fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ní ni pé a mọ ohun tó ń pa ẹ̀rọ, a sì mọ àwọn ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ àlòkù kún yàrá ìkẹ́rùsí wọn. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó bá fẹ́ ṣe ìlú lóore, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá rin gúúsù Kwara já, láti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán kí ẹ sì máa bá a lọ síwájú, ẹ ó rí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fún ní kọ̀ǹpútà rí. Orúkọ ẹni tó fún wọn wà lára ògiri, ilẹ̀kùn wà ní títì, aṣọ wà lórí ẹ̀rọ. Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ ya ọ̀lẹ. Wọ́n kó ẹ̀rọ wá láìwo bí iná ṣe rí níbẹ̀, láìkọ́ ẹnikẹ́ni bí yóò ṣe tún un ṣe, wọ́n sì ní kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun ni yóò dáhùn tí ọ̀kan bá sọnù. Ta ló máa ṣí irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún ọmọ? Ohun kan tí a kì í fi ṣeré mọ́ ni pé ohunkóhun tí a bá gbé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láìsí wa. Gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ kọ síbí, ara ìyẹn ló ti yọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àsìkò yìí dáa fún ẹni tó ń wá àlòkù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, Windows 11 kì í sì í gba ẹ̀rọ tí ọpọlọ Intel rẹ̀ kò bá tó ìran kẹjọ. Nítorí náà, ọ́fíìsì ń pààrọ̀ laptop tí kò ní àrùn kankan lára ju pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ. Irú laptop yẹn ló dáa fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tí a máa ń gbà ni èyí tó ní RAM 4GB ó kéré tán, tí ojú rẹ̀ kò fọ́, tí ṣájà rẹ̀ wà níbẹ̀. A kì í gba desktop bó ti wù kó lágbára tó, nítorí pé desktop kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè máa jẹ iná tó 120W, laptop ò jẹ ju 30W lọ lójú iṣẹ́. Laptop mẹ́rin ni iná desktop kan máa gbé. A kì í sì í gba ẹ̀rọ tí ó bá ti ní ọ̀rọ̀ aṣínà nínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé, àfi tí ọ́fíìsì tó ni ín bá kọ́kọ́ tú u. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wọlé láti òkè òkun ló ní ìdè yìí, ẹni tó bá sì ti kó wọn délé kí ó tó mọ̀, irin lásán ló rà.

Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá nílò mẹ́wàá, méjìlá ni ká wá, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ oríṣi kan náà, nọ́ńbà kan náà. Eléyìí ṣe pàtàkì ju agbára ẹ̀rọ lọ. Tí kíbọ́ọ̀dù ọ̀kan bá kú, ara èyí tó wà ní ìpamọ́ la ó ti yọ òmíràn. Ṣájà kan náà ló máa bá gbogbo wọn mu. Olùkọ́ tó bá ti rí bí wọ́n ṣe tú ẹyọ kan, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ mẹ́wàá oríṣi mẹ́wàá, ọjọ́ tí ṣájà ọ̀kan bá jó ni ẹ̀rọ yẹn kú.

Ọ́fíìsì tó ń fún wa ní ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rù àkọsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, òótọ́ sì ni wọ́n bẹ̀rù. Kéèyàn kàn pa fáìlì rẹ́ kò tó, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè gbé e padà. Ètò kan tó ń jẹ́ nwipe ni a máa ń lò láti kọ nǹkan míì bo gbogbo ojú hard disk náà, lẹ́yìn náà a ó fún ọ́fíìsì ní lẹ́tà tí nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pé a ti nù ún. Lẹ́tà yẹn ni ọ̀gá wọn máa ń tìtorí rẹ̀ fún wa ní òmíràn.

Àtúnṣe ẹ̀rọ kan kì í gba àsìkò tí ẹ rò. A ó tú ìdí rẹ̀, a ó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú fáànù kúrò, kí ẹ sì fi ìka di fáànù náà mú bí ẹ ti ń fẹ́ ẹ, torí tó bá yí ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè bàjẹ́. A ó nu thermal paste tó ti gbẹ láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń fa ooru, a ó fi tuntun tó tó hóró ìrẹsì sí i. A ó pààrọ̀ bátìrì kékeré CR2032 tó ń rántí àsìkò, nítorí tí ìyẹn bá ti kú, déètì ẹ̀rọ á padà sí ọdún àtijọ́, íntánẹ́ẹ̀tì á sì máa kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó yọ hard disk onírin, a ó fi SSD 120GB tàbí 240GB, ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí owó lè rà sára ẹ̀rọ àlòkù, kò sí èyí tó jọ SSD. Ẹ̀rọ tó ń lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jí, ìṣẹ́jú kan kò ní pé tó máa fi jí. Kò sì bẹ̀rù kí ọmọ sún tábìlì.

Ẹ wo bátìrì laptop náà dáadáa. Tí ó bá ti wú, tí ìdí ẹ̀rọ kò jókòó pẹrẹsẹ mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sí. Yanrìn gbígbẹ nínú agolo ni ká tọ́jú rẹ̀ sí títí a ó fi rí àwọn tó ń kó irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ laptop máa ń ṣiṣẹ́ láìní bátìrì lára, tí iná bá sáà ti dúró.

Linux Mint, ẹ̀yà Xfce, ètò tó ń rọ́pò Windows, ni a máa ń gbé sórí wọn. Ọ̀fẹ́ ni, 4GB tó o, fáìrọ́ọ̀sì inú fláàṣì tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kì í sì í rí i gbé ṣe. Nínú rẹ̀ a ó yan kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà ti Yorùbá mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ lè tẹ ẹ, ọ, ṣ pẹ̀lú àmì ohùn. Ọmọ tó ń ṣe Yorùbá nínú ìdánwò ò yẹ kó máa kọ èdè ara rẹ̀ ní ìhòòhò. Inú mi máa ń dùn sí apá yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí olùkọ́ Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ sọ yàrá náà di tirẹ̀.

Iná wá ni ọ̀rọ̀ ńlá. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó lè máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí kọ̀ǹpútà. Iná NEPA ò ṣeé fọkàn tẹ̀. Sólà ló kù, ìṣirò rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣòro, ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé àwọn èèyàn kì í ṣe ìṣirò náà rárá.

Laptop mẹ́wàá ní 30W jẹ́ 300W. Ẹ fi 20W kún un fún ẹ̀rọ kékeré tí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ àti ráútà, ẹ fi gílóòbù LED mẹ́rin oní-9W kún un, gbogbo rẹ̀ á tó 356W. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ìyẹn jẹ́ 1,424Wh (wáàtì tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀). Inverter á jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bátìrì gbọ́dọ̀ pèsè bíi 1,675Wh. Bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular, 12V 200Ah kan, 2,400Wh ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ló yẹ ká máa lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn 1,200Wh. Kò tó. Méjì ni yóò gbé e, kí a so wọ́n pọ̀ di 24V. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé: wọ́n á ra ẹyọ kan nítorí owó, wọ́n á lò ó títí tó fi gbẹ lójoojúmọ́, kí ọdún kan ààbọ̀ tó pé, ó ti kú. Owó tí wọ́n rò pé àwọn tọ́jú ti ṣègbé. Tí ẹyọ kan bá ni agbára yín gbé, ẹ dín wákàtí kù sí méjì, kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà.

Fún páànẹ́lì, lágbègbè wa ẹ fojú wákàtí mẹ́rin wo oòrùn tó mú gan-an lójúmọ́, ẹ má fojú mẹ́jọ wò ó. Páànẹ́lì 350W méjì jẹ́ 700W, ní ìlọ́po mẹ́rin ó jẹ́ 2,800Wh. Nínú eruku, ooru àti wáyà, nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá á sọnù, ohun tó máa dé inú bátìrì kò ní ju 1,960Wh lọ. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, kò ní tó, ilé-ẹ̀kọ́ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìsinmi nígbà náà, ìyẹn ló gbà wá.

Àríwá agbede-méjì ayé ni Ìlọrin wà, ní bíi ìwọ̀n 8.5. Ojú gúúsù ni ká kọ páànẹ́lì sí, kí ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní bíi ìwọ̀n 10 sí 15 kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ wo igi máńgòrò tó wà nítòsí ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán gangan nìkan. Òjìji ẹ̀ka kan lórí igun páànẹ́lì kan lè gba iná tó pọ̀ ju bí ojú rẹ̀ ṣe kéré tó. Nígbà ọyẹ́, eruku á bò ó fẹ́ẹ́fẹ́. Kí wọ́n máa fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sẹ̀ méjì méjì, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, torí omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lè fọ́ ọ. Kí wẹ́dà fi iná jó orí bóòtù tó mú páànẹ́lì mọ́ òrùlé, kí ó má ṣeé tú.

Inverter 1.5kVA tó jẹ́ pure sine wave, tí iná rẹ̀ ń jáde wẹ́rẹ́ bíi ti NEPA, ni kí ẹ rà. Irú kejì tí owó rẹ̀ kéré máa ń mú ṣájà laptop gbóná, ó sì ń kùn. Wáyà tó so bátìrì mọ́ inverter gbọ́dọ̀ nípọn tó 25mm², kí ó má sì gùn ju mítà méjì lọ, kí fíúùsì sì wà nítòsí bátìrì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa iná ilé kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ó máa gbóná, rọ́bà rẹ̀ á yọ́, bí iná ṣe ń jó ilé nìyẹn. Bátìrì olómi máa ń yọ gáàsì tó lè gbiná nígbà tó bá ń gba iná, nítorí náà ìta yàrá àwọn ọmọ ni kó wà, nínú àpótí onírin tó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Omi bátìrì. Bí mo bá ní ààyè láti sọ ohun kan ṣoṣo fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, omi bátìrì ni mo máa sọ. Lóṣooṣù kí wọ́n wo òṣùwọ̀n tó wà lórí bátìrì, ní oṣù kẹta àti ìkẹrin tí ooru ń mú, lẹ́ẹ̀méjì lóṣù. Omi tí a dì sínú kéègì tí wọ́n ń tà fún bátìrì nìkan ni kí wọ́n fi kún un. Pure water kò mọ́ tó fún bátìrì: iyọ̀ àti èròjà inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀, ó sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ásíìdì tuntun kò sì ní í ṣe níbẹ̀, omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n bojú.

Ọ̀sán ni kí wọ́n máa gba iná sínú laptop tó ṣì ní bátìrì, márùn-ún márùn-ún. Tí mẹ́wàá tó ti gbẹ bá gba iná lẹ́ẹ̀kan náà, ṣájà 65W kọ̀ọ̀kan á fà tirẹ̀, 650W, gbogbo ìṣirò òkè yẹn á dàrú. Tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ń bọ̀, kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó bá so mọ́ wáyà NEPA kúrò lára ògiri. Mànàmáná kì í sábà ba ẹ̀rọ tí kò so mọ́ ibì kan jẹ́.

Lórí ẹ̀kọ́: ẹ má gbé ìrètí karí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà á tán, olùkọ́ á sì máa fi owó ara rẹ̀ rà á. A máa ń lo Raspberry Pi 4 kan, ẹ̀rọ tó tóbi tó páálí ìṣáná méjì. A ó gbé Kolibri sí i fún ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, a ó gbé Kiwix sí i kí Wikipedia lè wà níbẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá tó ní àyọkà tó ju 30,000 lọ. Ráútà kékeré kan á pín in fún gbogbo laptop láìná kọ́bọ̀ dátà. Ohun tó ń pa á ni pé iná já lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sórí káàdì kékeré inú rẹ̀, káàdì á sì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí SSD, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa á dáadáa, ẹ sì fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí SSD kejì nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Pípààrọ̀ rẹ̀ á wá di kí a yọ ọ̀kan kí a ki ìkejì bọ̀ ọ́.

Fún ìdánrawò JAMB, a ṣe ètò kan tó ń ka ìṣẹ́jú, tó ń lo lẹ́tà mẹ́jọ yẹn nìkan. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ló ń kọ ìbéèrè, a fún wọn ní tábìlì tó ní òpó mẹ́fà: ìbéèrè, A, B, C, D, ìdáhùn. Ohun méjì ló máa ń bàjẹ́ níbẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò á kọ x², tó bá dé inú ètò á di x2, ìbéèrè á sì yí padà pátápátá láìsí ẹni tó fura. Olùkọ́ Yorùbá á fi fáìlì pamọ́ bí CSV lásán, gbogbo ẹ àti ọ rẹ̀ á di àmì ìbéèrè. “CSV UTF-8” ni kó yàn. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí ọmọ tó ṣe é.

Yàrá náà kò gba owó púpọ̀. Irin ni kí ẹsẹ̀ tábìlì jẹ́, torí ikán. Wáyà gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀pá, torí eku. Kí wẹ́dà fi irin dí fèrèsé, kí a fi irin gbígbóná kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sí ẹ̀yìn laptop kọ̀ọ̀kan, ní ibi tí wọn ò lè pa rẹ́. Olè kì í fẹ́ ohun tí kò ní ṣeé tà.

Ọ̀rọ̀ èèyàn ló le jù iná lọ. Olùkọ́ méjì ni kí a kọ́, kì í ṣe ẹyọ kan, torí ìjọba lè gbé olùkọ́ lọ sí ibòmíràn láàárín sáà. Kí ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ ìlú tí kò ní kúrò, bíi ẹni tó ń ṣe fóònù ní ìsàlẹ̀ ọjà. Nínú àwọn ọmọ, SS1 ni ká mú, kí ìdajì jẹ́ obìnrin, torí wọ́n ṣì ní ọdún mẹ́ta níbẹ̀, SS3 ti ń lọ. Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ gbogbo wọn ni títú ẹ̀rọ, pípààrọ̀ SSD, gbígbé Linux sórí ẹ̀rọ láti inú fláàṣì, àti wíwo omi bátìrì. Kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é lójú wa, kí a sì ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìwé àdéhùn wa pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ kedere pé tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lójú iṣẹ́, kò sí ẹni tó máa san án. Gbólóhùn kan yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kó wà, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń lò ó.

Kí a tó débẹ̀ rárá, a gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà. Ní Ìlọrin, ẹ lọ kí Alángúà àti Mágàjí àdúgbò kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ní gúúsù Kwara, ààfin Ọba àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó wọ ìlú àti ohun tó gbé wọlé. Bàbá tó ti súre sí iṣẹ́ náà ló máa bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ń wo páànẹ́lì lójú méjì. Ẹ má fi ẹ̀kọ́ sí ọ̀sán Jímọ̀, ẹ gbé e sí òwúrọ̀ nígbà ààwẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ ọjà, ẹ sì yẹra fún àsìkò WAEC.

Nǹkan míì wà tí ilé-iṣẹ́ kékeré lè ṣe láìná owó rárá: kí ẹ jókòó ti àwọn ìyá wa ní ọjà, ní Ìpàta tàbí Ọjà Ọba, kí ẹ kọ́ wọn ní ohun mẹ́ta lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì wọn. Àkọ́kọ́, kí wọ́n máa wo owó tó kù nínú àkáǹtì fúnra wọn kí ọjà tó kúrò lórí àtẹ, kí wọ́n má gba àlẹ́ẹ̀tì gbọ́, torí ẹnikẹ́ni lè kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báńkì. Ìkejì, nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́, kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó máa pè láti béèrè rẹ̀. Ìkẹta ni PIN orí SIM, èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà. Tí olè bá jí fóònù, yóò yọ SIM sínú fóònù tirẹ̀, yóò sì wá ọ̀nà láti fi nọ́ńbà náà wọ inú àkáǹtì. PIN ni kò ní jẹ́ kó ṣí. Ẹ sọ fún wọn pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, SIM á tì, nọ́ńbà PUK ló máa ṣí i, nítorí náà kí ẹ kọ PUK sínú ìwé fún wọn kí ẹ tó kúrò. Èèyàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ti pọ̀ tó. Ìyá Àlájì kan tó bá ti mọ̀ ọ́n á kọ́ gbogbo ìsọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ SIWES, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé wọn rán wá kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ló ń bá wa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ti yunifásítì fún oṣù mẹ́fà, ti pólì fún oṣù mẹ́rin. Ẹ má fi wọ́n ṣe ẹni tí ẹ ó máa rán lọ ra oúnjẹ. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí yóò máa dáhùn fún, kí ó kọ ohun gbogbo tó bàjẹ́ níbẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Owó ọkọ̀ wọn lọ sí Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ san án, kí wọ́n tó gbéra.

Fọ́tò àwọn ọmọ, ẹ má gbé e síta láìsí àṣẹ òbí. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fi ọwọ́ pàtàkì mú ọ̀rọ̀ ọmọdé. Fọ́tò ọwọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù tó.

Bátìrì á gbó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, bó ti wù kí a tọ́jú rẹ̀ tó, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà sì ń kú sí. A máa ń bá ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pín iye owó bátìrì tuntun sí 36, kí wọ́n máa fi ìdá kan pamọ́ lóṣooṣù nínú àkáǹtì tó nílò ìfọwọ́sí ẹni méjì. Owó náà lè ti inú ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì ní òwúrọ̀ Sátidé wá, tí oòrùn bá ti mú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inki ni kí wọ́n lò, torí ti lésà máa ń fa iná ju ohun tí inverter yẹn lè gbé lọ. Nítorí owó ọjà ń gòkè, kí wọ́n tún iye rẹ̀ béèrè lọ́dọọdún kí wọ́n sì tún un pín. A ó fi ọ̀dà kọ oṣù àti ọdún tí a ra bátìrì sára rẹ̀, pẹ̀lú oṣù tí owó tuntun gbọ́dọ̀ pé. Tó bá di ọjọ́ yẹn, kí wọ́n gbé ògbólógbòó rẹ̀ padà fún ẹni tó ń ta tuntun, yóò yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó. Kí wọ́n má da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, òjé inú rẹ̀ á wọ inú kànga.